Ọdún 1953 tó wà lára ọrun Bear kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é

Bí ènìyàn bá gbé ọrun àtijọ́ tí iléeṣẹ́ Bear Archery ti Amẹ́ríkà ṣe lọ́wọ́, tó sì yí i sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó rí ọ̀rọ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, tí "Canada 1953" sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá irú ọrun bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù bàbá wọn, tàbí tó rà á lọ́jà àlòkù, ló gbà pé ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì.

Fred Bear dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Detroit lọ́dún 1933, ó sì kó o lọ sí Grayling, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dún 1947. Nígbà tó hùmọ̀ ọ̀nà tirẹ̀ láti máa ṣe ọrun, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ẹlòmíràn má baà jí ọgbọ́n náà lò, ọdún tí Kánádà fún un ní tirẹ̀ ni 1953 yẹn. Ọjọ́ orí ìwé ni, kì í ṣe ọjọ́ orí ọrun. Iléeṣẹ́ náà sì ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sára ọrun lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́, débi pé èyí tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 1960 sí 1969 ṣì ń gbé e kiri. Gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá omi kò ti lè sọ ọjọ́ tí wọ́n rọ omi náà fún wa, bẹ́ẹ̀ ni 1953 kò lè sọ ọdún tí igi ọrun dé ọwọ́ oníṣẹ́.

Àwọn tó ti mọ èyí máa ń ṣubú sínú àṣìṣe kejì, mo sì rò pé òun ló ń tan ènìyàn jù, nítorí pé ó jọ ìmọ̀. Wọ́n á ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ kọ sára ọrun kọ̀ọ̀kan ni kí a wò, pé bí a bá ti mọ àṣírí rẹ̀, ọdún yóò jáde. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1965 títí dé 1969, nọ́ńbà tó ṣáájú lára ọrun Bear dúró fún ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é: 5 fún 1965, 6 fún 1966, títí dé 9. Ọdún márùn-ún péré nìyẹn. Ẹni tó bá wá rí ọrun tí 2 ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, tó sì sọ pé ti 1962 tàbí 1972 ni, ti na òfin náà kọjá ibi tí ó mọ. Nítorí kí wọ́n lè mọ ọrun kan yàtọ̀ sí èkejì ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà, ẹni tó ń kọ ọ́ kò ronú kan àwa tí a óò máa wá ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Ẹ má sì jẹ́ kí 60 tàbí 45 tí ẹ bá rí nítòsí nọ́ńbà náà ṣì yín lọ́nà. Gígùn ọrun ni 60, ní ínǹṣì. 45 sì ni ìwọ̀n agbára tí a óò fi fà á, ní pọ́n-ùn.

Ti àwọn iléeṣẹ́ yòókù tún yàtọ̀. Òfin 1965 sí 1969 yìí kò kan ọrun Ben Pearson tí wọ́n ṣe ní Pine Bluff ní ìpínlẹ̀ Arkansas, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ti Damon Howatt tó wá láti Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington. Orúkọ tí wọ́n fún ọrun pàápàá kò tó, torí pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Bear ti ń ta ọrun tó ń jẹ́ Grizzly.

Kí ni kí a wá wò? Ara ọrun fúnra rẹ̀ ni. Láti ọdún 1959 ni Bear ti ń ri àmì róbótó onírin, tó dà bí owó ẹyọ, mọ́ ibi ìdìmú ọrun. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á, yóò tẹ́jú pẹ̀lú igi. Láti ọdún 1973, àmì oníke tó yọ sókè ló rọ́pò rẹ̀, ìka yóò sì kọ́ ọ. Orúkọ ìlú náà ń sọ̀rọ̀: iléeṣẹ́ náà kúrò ní Grayling lọ sí Gainesville ní Florida lọ́dún 1978, nítorí náà ọrun tí Gainesville bá wà lára rẹ̀ kò lè dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìwé àfihàn ọjà tí iléeṣẹ́ ń tẹ̀ lọ́dọọdún, níbi tí a ti lè fi àwọ̀ fáíbà (fiberglass, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi apá ọrun), irú igi àti bí ṣóńṣó apá ọrun ṣe rí wé ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká wo Grizzly kan tí "Canada 1953" wà lára rẹ̀: àmì irin rẹ̀ tẹ́jú, Grayling ni ìlú rẹ̀, 7 ló sì ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Ọrun 1967 ni. Ẹni tó bá san owó ọrun 1953 lé e lórí ti fi ọdún mẹ́rìnlá kún ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti fi owó tirẹ̀ san án.

Owó nìkan kọ́ ló ń dùn mí níbẹ̀. Okùn Dacron, tó máa ń fà díẹ̀, ni wọ́n ṣe àwọn ọrun wọ̀nyí fún. Bí a bá ta okùn òde òní tí kì í fà mọ́ ọn, gbogbo ìjá okùn náà yóò bọ́ sórí ṣóńṣó apá ọrun, ó sì lè là á. Ẹni tó bá ní ọrun ọjọ́ pípẹ́ lọ́wọ́ yẹ kó kọ́kọ́ fi òwú ra apá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí òwú náà bá há sí, kí ó wò ó bóyá fáíbà ti là, kí ó tó dá a lábàá pé òun fẹ́ fi okùn sí i.