Bí àwọn tó ń ta ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń kó ewì oríṣiríṣi jọ láyé Tonson àti Lintot

Lóṣù May ọdún 1712, Bernard Lintot tó ń ta ìwé ní Fleet Street ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé ewì kan jáde, Miscellaneous Poems and Translations, ó sì kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Lápá ẹ̀yìn ni ewì kan wà tó dá lórí irun tí ọmọ ọlọ́lá kan fi sísọ́ọ̀sì gé lórí omidan kan, tí ẹbí méjèèjì wá torí ẹ̀ bínú síra wọn. The Rape of the Locke ni. Lónìí, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì tí kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó jáde yẹn wọn ò kọ orúkọ Alexander Pope tó ni ín sí i rárá, ńṣe ni wọ́n kàn tò ó mọ́ ti àwọn ẹlòmíì. Bí ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn nígbà yẹn nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ètò ọ̀hún ṣe ń lọ, ẹni tó ń ta ìwé ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo akéwì.

Torí òǹtàwé yẹn ni ọ̀gá. Òun ló ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ra ewì lọ́wọ́ akéwì, òun ló ń ra tákàdá, òun ló ń sanwó fún àwọn tó ń tẹ ìwé, òun náà ló ń polówó ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, èrè ni o, gbèsè ni o, òun ló ni ín. Ẹni tó la ọ̀nà yìí fún àwọn yòókù ni Jacob Tonson. Ọdún 1684 lòun àti John Dryden tó jẹ́ àgbà akéwì nígbà yẹn gbé Miscellany Poems àkọ́kọ́ jáde (miscellany ni wọ́n ń pe irú ìwé àkójọ yìí), ìkejì jáde ní 1685, ìkẹta ní 1693, ìkẹrin ní 1694, Dryden kú ní 1700 àmọ́ ọjà ò dúró, Tonson gbé ìkarùn-ún jáde ní 1704 àti ìkẹfà ní 1709, nígbà tó wá di 1716 ó tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́fà, orúkọ Dryden sì tún wà níwájú ìwé, ẹni tó ti kú láti ọdún 16 sẹ́yìn. Bí ìyá aláta ṣe máa ń to èyí tó pọ́n jù sí òkè apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ ńlá kan síwájú, kí ẹni tó ń kọjá lè dúró wò, tó bá wá ra ìwé délé tán ló máa bá ewì àwọn tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ewì ọ̀hún wá ńkọ́, ibo ló ti ń wá? Nígbà yẹn ọ̀pọ̀ akéwì kì í sáré gbé ewì lọ síbi ìtẹ̀wé, pàápàá àwọn ọlọ́lá tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní ẹni tó ń fi ewì jẹun. Wọ́n á fọwọ́ kọ ọ́, wọ́n á fi han ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á dà á kọ, ẹlòmíì á tún da ti ọ̀rẹ́ yẹn kọ, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti dé ilé kọfí, ó ti dé Oxford àti Cambridge, ó ti dé ààfin, àṣìkọ ń wọnú ẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìgbà míì sì wà tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gan-an á ti sọnù lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ òǹtàwé ni kó máa ṣọ́ ibi tí irú kọ́píì bẹ́ẹ̀ ń gbà. Pope fúnra ẹ̀ gba ọ̀nà yìí wọlé. Ọmọ ọdún 17 ni, kò tíì tẹ nǹkan kan jáde, ó fọwọ́ kọ àwọn ewì rẹ̀ kan tó dá lórí àwọn darandaran, ó kọ ọ́ tó mọ́ tó sì rí roboto bíi pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kọ́píì náà sì ń ti ọwọ́ àgbà kan bọ́ sí ọwọ́ àgbà míì. Lọ́jọ́ 20 oṣù April ọdún 1706, Tonson kọ lẹ́tà sí i pé òun rí ọ̀kan nínú ewì náà lọ́wọ́ William Walsh àti Congreve, òǹkọ̀wé làwọn méjèèjì, ó dára gan-an, tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde kò sí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ ju òun lọ. Ẹ rò ó wò, òǹtàwé tó tóbi jù ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọ̀wé sí ọmọ ọdún 17. Síbẹ̀ ọdún mẹ́ta gbáko ni ewì náà fi dúró, torí ìwé àkójọ kì í jáde àfi ìgbà tí ohun tó wà nílẹ̀ bá tó kún ìdìpọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ owó ló fi ètò yìí hàn kedere jù. Ìlà ni wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n ń múra ìdìpọ̀ kẹta sílẹ̀, tó jáde ní 1693, Tonson jókòó ka ìlà ewì Ovid, akéwì Róòmù àtijọ́, tí Dryden túmọ̀ fún un, ó wá kọ lẹ́tà sí i pé gíní 50 lòun san, ìlà 1,446 péré lòun rí gbà, bẹ́ẹ̀ ìlà 1,518 lòun ti ń retí fún gíní 40. (Gíní yẹn, owó wúrà ni, ó fi díẹ̀ ju pọ́ùn kan lọ.) Dryden tó jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wárí fún nìyẹn o, wọ́n ń bá a ka ìlà bí ẹní ń ka iṣu. Lintot náà ní ìwé ìṣirò tó ń kọ owó tó bá san fún àwọn òǹkọ̀wé sí, àkọsílẹ̀ náà ò sì parun. Fún ìwé 1712 yẹn, Pope gba pọ́ùn 16, ṣílè 2 àti sísì ní February fún ìwé àkọ́kọ́ ewì Statius, akéwì Róòmù míì, tó túmọ̀ pẹ̀lú ìtàn kan látinú Ovid, ó gba pọ́ùn 7 ní March fún The Rape of the Locke, lóṣù April ó gba pọ́ùn 3, ṣílè 16 àti sísì fún ewì kéékèèké mẹ́ta. Ìtumọ̀ iṣẹ́ àwọn ará Róòmù, tí ẹni tó ń kà á lónìí ò pọ̀, owó ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti The Rape lọ! Ìdí ẹ̀ ò ṣòro, ìtumọ̀ yẹn gùn, ó sì ń kún ojú ìwé, The Rape nígbà yẹn ò ju ìlà 334 lọ. Lọ́dún 1714 Pope fẹ̀ ẹ́ sí ìlà 794, Lintot fi pọ́ùn 15 lé e, ó gbé e jáde ní ìwé tiẹ̀ gédégbé, Pope sì sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan pé ó lé ní 3,000 tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé àkójọ ti bá òǹtàwé dán ọjà wò ná kó tó náwó gidi lé e lórí. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó wúlò jù tí irú ìwé yìí ń ṣe nìyẹn.

Òfin náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Títí di 1695, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kó tó jáde, nígbà tí òfin yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìwé wá tú yááyáá síta, ewì tó ń bu ọba àti àwọn mínísítà náà wá rí ọ̀nà gbà wọnú ìwé. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù April ọdún 1710, ó ní ẹni tó ni ìwé tuntun ní ẹ̀tọ́ lé e lórí fún ọdún 14, tí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láyé kó tún gba ọdún 14 míì, ìwé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 21. Òótọ́ ni pé òfin dárúkọ òǹkọ̀wé, àmọ́ torí pé òǹkọ̀wé ti ta ẹ̀tọ́ ẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, òǹtàwé ló jàǹfààní ẹ̀ jù. Nítorí náà, tí òǹtàwé kan bá fẹ́ kó ewì jọ, á kọ́kọ́ wo èyí tó ti rà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ kan náà fi ń yọjú léraléra nínú àwọn ìwé tó wá láti ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìtẹ̀wé. Tákàdá ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀, ojú ìwé mẹ́jọ ní apá kan, mẹ́jọ ní apá kejì, tí wọ́n bá wá ká a lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìwé 16 ló máa jáde. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ ṣà jọ, lẹ́tà òjé náà ò sì pọ̀ tó, tí wọ́n bá ti tẹ tákàdá kan tán wọ́n á tú u ká kí wọ́n lè fi to òmíràn, ìyẹn ni pé wọn ò lè sọ pé ká tún un tẹ̀ lọ́la láìtún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Tákàdá ló ń jẹ owó jù, èyí tó dáa nínú ẹ̀, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń wá, nítorí náà òǹtàwé ò ní fẹ́ kí ojú ìwé kankan wà lófìfo, tí ewì tó gùn bá parí tí àyè bá kù, wọ́n á wá ewì kékeré kan tàbí orin kan fi dí i. Ọ̀pọ̀ ewì kúkurú tí àwọn èèyàn ń wá ìdí tí wọ́n fi wà níbi tí wọ́n wà, bóyá àyè tó ṣẹ́ kù ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀nà tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ wà, kí wọ́n fi òkú ọjà ṣe ìwé tuntun. Henry Hills ni baba àwọn tó ń ṣe ayédèrú nígbà yẹn, á mú ewì tí ẹlòmíì sanwó lé, á tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá tí kò dáa, á tà á ní pọ́ọ́kú, á tún kọ ọ́ sí i pé torí àwọn tálákà ni. Lẹ́yìn tó kú, èyí tí kò tíì tà ṣì wà nílẹ̀, ní 1717 wọ́n di wọ́n pọ̀, wọ́n tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ tuntun kan lé e, wọ́n pè é ní A Collection of the Best English Poetry. Ẹni tó bá ṣí i máa rí i pé ewì kọ̀ọ̀kan ṣì ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tiẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to ewì náà lè dá ìjà sílẹ̀. Nínú ìdìpọ̀ kẹfà ti Tonson ní 1709, ewì darandaran ti Ambrose Philips ló bẹ̀rẹ̀ ìwé, ti Pope ló parí ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, irú ewì kan náà, ẹni méjì, ìwé kan. Kò sí bí àwọn èèyàn ò ṣe ní fi wọ́n wéra. Nígbà tí ìwé ìròyìn Guardian wá ń yin Philips lọ́dún 1713 tí kò dárúkọ Pope, Pope kọ nọ́ńbà 40 ìwé ìròyìn yẹn láìfi orúkọ sí i, ó ṣe bí ẹni tó ń gbóríyìn fún Philips, ó sì ń fa àwọn ìlà tí kò dáa jù lára ewì ẹ̀ yọ síta. Àwọn méjèèjì ò bára wọn rẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àìsí orúkọ náà ní ìlò tiẹ̀. Obìnrin tó bá lọ́kọ tó sì lórúkọ láwùjọ lè tẹ ewì jáde láìsí ẹni tó máa nà án níka: The Spleen tí Anne Finch kọ, inú ìwé tí Charles Gildon kó jọ ní 1701 ló ti kọ́kọ́ jáde, ọdún 1713 ni ìwé tiẹ̀ gan-an tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi náà máa ń rí àyè. Edmund Curll ló mọ ọ̀nà yẹn jù, òǹtàwé tí kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1716 ó rí ewì mẹ́ta tó ń lọ káàkiri láàfin, ó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Court Poems lábẹ́ orúkọ James Roberts, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ẹ̀ sì ń tọ́ka sí obìnrin ọlọ́lá kan, sí John Gay tóun náà jẹ́ akéwì, sí ẹni tó ń túmọ̀ Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ìyẹn Pope. Lady Mary Wortley Montagu ni obìnrin náà, àbùkù ńlá sì ni fún un. Pope pàdé Curll ní ilé ọtí kan ní Fleet Street, Lintot náà wà níbẹ̀, Pope fi oògùn tó ń mú èèyàn bì sínú ọtí Curll, ó tún wá kọ ìwé pẹlẹbẹ nípa ẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Ìyà yẹn ò kọ́ Curll lọ́gbọ́n, ó ń tà á lọ ni.

Kì í ṣe òǹtàwé nìkan ló máa ń dá ìwé àkójọ sílẹ̀ ṣá. Lọ́dún 1726 Richard Savage tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ kó ewì àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jọ mọ́ tiẹ̀, àsansílẹ̀ owó ló fi ṣe é, kí àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ san tiwọn kí ìwé tó jáde. Inú ìwé yẹn ni Grongar Hill wà, ewì tí John Dyer kọ nípa òkè kan ní Wales, lọ́dún kan náà yẹn ewì ọ̀hún tún wà nínú ìwé tí David Lewis kó jọ, ìlà ẹ̀ ti yàtọ̀, ìlù ẹ̀ ti yàtọ̀, ti Lewis yìí sì ni gbogbo èèyàn mọ̀ títí dòní. Ẹni tó bá fi ìwé méjèèjì síwájú á rí bí akéwì ṣe ń tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Orin náà ní àkójọ tiẹ̀, Thomas D'Urfey kó tiẹ̀ di ìdìpọ̀ mẹ́fà ní 1719 sí 1720, Allan Ramsay náà bẹ̀rẹ̀ Tea-Table Miscellany ní Edinburgh láìpẹ́ sígbà yẹn.

Ní 1748 Robert Dodsley, òǹtàwé míì ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àkójọ ewì tiẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, ó di mẹ́fà ní 1758, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé wá kó sílé ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ti Tonson wá di ti àtijọ́. Àwọn onímọ̀ ní Oxford ti ṣe àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Digital Miscellanies Index, ọ̀fẹ́ ni, ìwé àkójọ tó lé ní 1,000 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ lè fi ìlà àkọ́kọ́ ewì kan wá gbogbo ìwé tó ti jáde, ẹ ó sì rí i bí ewì kan ṣe ń jáde lọ́dún yìí láìsí orúkọ, lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí kò kọ ọ́, tó wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún.