Ibi tí ewé lágbára dé lára ẹran ọ̀sìn

Èkúrú ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pe èmi dókítà ẹran láàrin Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù. Etí ewúrẹ́ á ti le gbagidi, irun ẹnu àti tẹsẹ̀ á ti re, á máa fara ha ògiri títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Kí olówó ẹran tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń gbóòórùn ohun tó fi pa á lára: ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù, tàbí òtápiàpiá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ewúrẹ́ a máa lá ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà á sì lá níbẹ̀. Òtápiàpiá tilẹ̀ ń gba awọ wọlé. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹran, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú lọ́jọ́ náà. Èkúrú kì í pa ẹran kíákíá bẹ́ẹ̀.

Dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé yín ti tó. Ẹ gún ewé tútù bíi kílò 1, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi líta 5 mọ́jú, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ láàárọ̀. Àmọ́ ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ló kàn, kì í ṣe omi ewé. Inú awọ ni kòkòrò tó ń fa èkúrú ń gbẹ́ ihò sí; bí èépá bá ṣì bò ó mọ́lẹ̀, oògùn ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ bó èépá náà tán kẹ́ ẹ tó fomi ewé wẹ ẹran. “Dókítà, mo ti wẹ̀ ẹ́, kò gbọ́,” ni ìyá kan wí fún mi ní Ìṣarà. Ẹ̀ẹ̀kan ni màmá wẹ̀ ẹ́. Ẹyin tó kù nínú awọ á tún pa, nítorí náà ẹ máa wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù kan, àtòun àtàwọn tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ o, èkúrú ń ran èèyàn. Ẹ má fún aboyún ẹran ní omi ewé náà mu, ó lè ba oyún jẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja Eriwe, ẹ má da ìyókù sínú adágún. Ó ń pa ẹja.

Ti iná adìẹ, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lára, rọrùn. Ẹ po eérú igi ìdáná mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ dà á síbi tójò ò dé, adìẹ á wẹ ara rẹ̀. Kó má ṣe eérú táyà tàbí ti ọ̀rá.

Àrùn kata ewúrẹ́ (PPR) àti lùkúlùkú adìẹ (Newcastle) ńkọ́? Kò séwé tó ń wò wọ́n. Èyí tó mu ewúro tó sì yè, ara rẹ̀ ló jà á yè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kata kan ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún 3, ó kéré tán. Ti adìẹ, ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àgbò tẹ́ ẹ bá rà fún Iléyá, ẹ má kó o mọ́ ti ilé lójú ẹsẹ̀. Ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó bá máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe gàrí, ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fún ẹran. Tútù rẹ̀ ní májèlé. Bí ẹran bá jẹ ẹ́, tó ń mí gúlegúle, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu: epo kì í pa májèlé yẹn, ó sì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè, lójú ẹsẹ̀.