Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ má pa iná ọkọ̀

Bí oṣù Okúdù bá ti wọlé, ìpè kan náà ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ní Dallas àti Houston: "Ẹ̀gbọ́n, ẹja báàsì ò jẹun mọ́ o. Àtàárọ̀ la ti wà lórí omi." Màá bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n gbé ọkọ̀ sómi. Wọ́n á ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú ooru Texas! Iṣẹ́ mímú èèyàn lọ pẹja ni mo fi ń jẹun ní Lake Fork, adágún tó wà ní ìlà oòrùn Dallas, tí wọ́n parí dáàmù rẹ̀ lọ́dún 1980. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: tí ooru bá ti dé, òru ni kẹ́ ẹ wá.

Ara báàsì kì í dá gbóná fúnra rẹ̀. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara tirẹ̀ náà ṣe máa gbóná tó. Lásìkò yìí, omi òkè lè gbóná kọjá 30 lórí ìwọ̀n Celsius, oúnjẹ á máa tètè dà nínú ẹja, ebi á sì máa tètè pa á. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dání, kò sì rọrùn fún ẹja láti máa sáré kiri nínú rẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò lọ sísàlẹ̀ níbi tó tutù. Omi adágún máa ń pín sí ìpele nígbà ooru, èyí tó gbóná lókè, èyí tó tutù nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pò mọ́ra, díẹ̀díẹ̀ ni ọ́síjìn ìsàlẹ̀ á sì máa tán. Ibi tí ẹja há sí nìyẹn. Á sá sábẹ́ òjìji igi lọ́sàn-án, á dákẹ́ síbẹ̀, àfi tí oòrùn bá wọ̀ kó tó jáde wá sétí omi, síbi tí koríko wà, láti wá ẹja kéékèèké àti ọ̀pọ̀lọ́ jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń jù ú, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìwé àṣẹ ìpẹja náà, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni pé ojú nìkan kọ́ ni báàsì fi ń ṣọdẹ. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ gbé e súnmọ́ iná, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù, ẹ ó rí ìlà kan tó jẹ́ pé ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ló tò tẹ̀ léra lórí ìpẹ́. Ibẹ̀ ló fi ń mọ̀ bí nǹkan bá mi omi nítòsí rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, bẹ́ẹ̀ ni báàsì ṣe ń mọ ìjẹ tó ń bọ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ geere. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo spinnerbait, ìjẹ àtọwọ́dá tí abẹ irin ń yí lára rẹ̀, èyí tó ní abẹ kan ṣoṣo, abẹ tó rí róbótó tí wọ́n ń pè ní Colorado, torí òun ló ń lu omi jù nígbà tó bá ń yí. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀n kan náà, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ má sì já a gbàgà bí àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí YouTube. Ẹ ó máa gbọ́ ọ lára ọ̀pá, gbù-gbù-gbù, títí dé inú àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà tí gbù-gbù yẹn bá dákẹ́ lójijì, ẹ má dúró béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹja ti gbé e. Ẹ fa ọ̀pá sókè!

Dúdú ni kí ìjẹ náà jẹ́. Àwọn kan ń bá mi jiyàn pé dúdú á sọnù nínú òkùnkùn. Ìsàlẹ̀ ni ẹja wà, òkè ló ń wò, bó ti wù kí òru dú tó, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ ju ohun dúdú tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ. Èyí tó funfun tó ń dán ló máa pòórá.

Wàyí o, tọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń rí wọn, kálukú ti de tiẹ̀ mọ́ iwájú orí, bí wọ́n bá yíjú síhìn-ín iná á là sórí omi, bí wọ́n bá yíjú sọ́hùn-ún iná á là síbẹ̀. Ẹja tó wá jẹun ní ibi tí omi ò jìn, ibo ló fẹ́ dúró sí? Iná tó wà lójú kan yàtọ̀, irú èyí tí àwọn onílé ń tàn sórí pákó tí wọ́n tẹ́ wọ inú omi. Kòkòrò ń wá síbẹ̀, ẹja kéékèèké ń tẹ̀ lé kòkòrò, báàsì sì ń dúró ní etí òkùnkùn dè wọ́n. Ṣùgbọ́n iná tó ń fì kiri, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ìwọ̀, ẹ kẹ̀yìn sómi, ẹ tan iná pupa kékeré sórí itan yín.

Ẹlòmíì á ní òṣùpá ńkọ́. Mo ń pa ẹja nígbà òṣùpá, mo ń pa á nígbà tí kò sí. Ibi tí màá lọ dúró sí ni òṣùpá lè yí padà. Àwọn tó ń ta òróró inú ìgò kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹ̀kán kan lórí ìwọ̀, gbogbo ẹja adágún á máa rọ́ bọ̀, olè ni wọ́n. Oníbàárà mi kan gbé ọṣẹ dúdú wá láti ilé, ó ní alágbára kan ló fún òun, kí n jẹ́ kí òun fi fọ ọwọ́ kóun tó ju ìwọ̀. Mo ní kó gbé e padà sínú mọ́tò. Èmi mọ ibi tí koríko pín sí lábẹ́ adágún yìí, mo mọ igi tí báàsì ń bá dúró, ẹsẹ̀ mi àti ojú mi ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ má gbé ọṣẹ wá bá mi.

Ẹ má sì gbé kúlà ńlá wá. Márùn-ún ni òfin gbà lójúmọ́, àti pé ní Lake Fork, báàsì tó bá gùn láti 16 sí 24 ínṣì, ẹ dá a padà. Ẹ fi omi rin ọwọ́ kẹ́ ẹ tó dì í mú, fọ́tò kan ṣoṣo, ó tán. Nínú omi gbígbóná, èyí tẹ́ ẹ bá gbé sókè títí lè lúwẹ̀ẹ́ lọ lójú yín, kó sì kú lẹ́yìn yín. Ẹni tó sì ń wá èyí tó ju tayé lọ, kó padà wá nígbà òtútù: oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1992 ni wọ́n mú èyí tó wúwo jù lọ ní gbogbo Texas nínú adágún yìí, 18.18 pọ́ùn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yìí sódì. Wọ́n ní ṣebí iná ń lé ẹja, wọ́n bá pa iná ọkọ̀ náà. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n sé Lake Fork, wọn ò gé gbogbo igi inú rẹ̀. Igi gbígbẹ ṣì dúró lábẹ́ omi káàkiri títí dòní, òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ojú omi. Ní òru oṣù Ògún kan, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ wa. Mi ò rí nǹkan kan, kò sí iná pupa, kò sí iná aláwọ̀ ewé, kò sí iná funfun. Mo tan iná mi sí wọn, ó ti bọ́. Ọkọ̀ náà kọlu igi, gbàù! Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti inú omi, ní ilẹ̀ Texas, tó ń ké ní Yorùbá: "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!" Mo ní kí àwọn tó wà pẹ̀lú mi pa ẹnu mọ́, torí etí nìkan la lè fi wá a. Ara kùkùté igi la ti bá a, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní àyà rẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó wọn wà lábẹ́ ìjókòó, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wa ọkọ̀ ń wárìrì, ohun tó sì rí sọ fún mi ni pé ooru ló mú wọn.

Iná pupa lósì, iná aláwọ̀ ewé lọ́tùn-ún, iná funfun lẹ́yìn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tó fi yọ. Òfin ni. Ẹ rọra wa ọkọ̀, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí. Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú, ẹ fi kọ́ ara yín. Láti oṣù Igbe ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti pa á láṣẹ. Ní ti ẹ̀wù amúniléfòó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 nìkan ni òfin Texas ní kó wọ̀ ọ́ sọ́rùn nígbà tí ọkọ̀ kékeré bá ń rìn. Fún àgbàlagbà, kó ṣáà ti wà nínú ọkọ̀ ni. Nínú ọkọ̀ tèmi, kò sí àgbàlagbà. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so ó, kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń dìde dúró sétí ọkọ̀ lóru láti tọ̀.

Ẹni tí ooru ò bá jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kó má wọkọ̀. Báàsì ń wá sétí omi lóru, á rí i pa láti orí ilẹ̀. Kó wọ bàtà tó ga dé orúnkún, nítorí paramọ́lẹ̀ omi wà níbẹ̀, kó sì fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wo ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀.