Ìyá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ oorun ju ọ̀bẹ lọ: kí la lè ṣe?

Ìbéèrè: Ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí wọ́n bá kun àwọn lóorun, àwọn lè má jí mọ́. Kí la máa sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ pé "kò sí nǹkan kan." Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an. Ẹlòmíì ń bẹ̀rù pé òun ò ní jí. Ẹlòmíì, pé òun máa jí nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lára òun. Ẹlòmíì, pé òun máa tú àṣírí lójú oorun. Oògùn ọ̀kan kọ́ ni oògùn èkejì.

Ní ti jíjí, ẹni tó ń kunni lóorun kì í gún abẹ́rẹ́ tán kó bá tirẹ̀ lọ. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn títí iṣẹ́ á fi parí, ó ń wọn oògùn náà sí i bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n fi sí ìka ń sọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ìṣẹ́jú 5 síra. Ewu ò tán pátápátá, pàápàá fún ẹni tí ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ ń dà láàmú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣáájú.

Jíjí láàárín iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n: ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtéènì àti Ireland, tó jáde ní 2014, rí i pé bí ẹnì 1 nínú 19,000 ló sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun. Àṣírí ńkọ́? Ẹni tó sùn wọra kò lè sọ̀rọ̀. Bó bá ń ta jí, ó lè ráhùn díẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ìyá má jẹun ṣáájú iṣẹ́ abẹ?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni kí ẹ ti tẹ́tí jù. Oògùn náà máa ń tú ohun tó ń dí ẹnu ikùn, kì í sì jẹ́ kéèyàn lè wúkọ́. Bí oúnjẹ bá wà níkùn, ó lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àmàlà láfún tàbí oúnjẹ olóròóró: wákàtí 8. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́: 6. Omi lásán: 2. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú: 4. Bí ilé ìwòsàn yín bá fún yín ní aago tiwọn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi o, tíì onímílíìkì náà kì í ṣe omi.

Àánú ló sábà máa ń fa wàhálà: ẹnìkan nínú ẹbí á yọ́ ẹ̀kọ fún aláìsàn láàárọ̀, wọ́n á sì sẹ́ nígbà tí dókítà bá béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti jẹ, ẹ sọ. Wọ́n lè sún iṣẹ́ náà síwájú, ẹ̀mí ò ní lọ sí i. Àgbo náà ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ohun ìfipamọ́; òmíràn nínú rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù. Ó dára kí wọ́n ti dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó ń pa ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ara láìkun èèyàn lóorun, ni wọ́n fẹ́ lò, ṣé kì í sọni di arọ?

Ìdáhùn: Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà parí sí ni wọ́n ń gún, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kí ìyá jókòó, kí wọ́n gbá ìrọ̀rí mọ́ra, kí ẹ̀yìn tẹ̀ bí ọrun. Bí nǹkan bá ta ẹsẹ̀ wọn bí iná, kí wọ́n sọ, kí wọ́n má fò. Ẹsẹ̀ á gbóná, á wúwo. Ẹ tètè sọ fún wọn pé wọ́n á mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dùn wọ́n. Ẹni tí ò mọ èyí á rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Bí èébì bá ń gbé wọn, kí wọ́n sọ; ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ sábà máa ń padà láàárín wákàtí mélòó kan. Orí fífọ́ tó ń le sí i nígbà tí wọ́n bá jókòó, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn padà lọ.

Ìbéèrè: Láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Kí wọ́n ti bá ẹni tó máa kun wọ́n lóorun sọ̀rọ̀ lójúkojú ṣáájú, ẹ béèrè fún un, yálà ní ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá àti òrùka, ẹ nu ọ̀dà èékánná; làálì dúdú lè da ohun tí wọ́n ń fi sí ìka láàmú. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rọra fa èémí sínú, kí wọ́n sì mí i jáde pẹ́ ju bí wọ́n ṣe fà á lọ, kí ẹni tí ọkàn wọn balẹ̀ sí jù sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tíátà.