Ọ̀nà tí ínsúlínì tó pọ̀ jù ń gbà dé ọrùn obìnrin

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ínsúlínì ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn ara fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé ó tún ń pàṣẹ fún ẹran ara pé kó dàgbà, kó sì máa pọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kókó, ìyẹn ohun tó máa ń wú bí èso nínú ọrùn, ti bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá bá kọ etí ikún sí ínsúlínì, pánkíríásì tó ń ṣe é á tú púpọ̀ sí i jáde. Èyí lè máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí àyẹ̀wò ṣúgà òwúrọ̀ sì máa dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara ló di etí. Àwọn ibì kan ṣì ń gbọ́ àṣẹ ìdàgbà náà ketekete.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn. Awọ ibẹ̀ á dúdú, á nípọn, á rí bí àrán lọ́wọ́. Àwọn èèyàn á ní ìdọ̀tí ni, wọ́n á ní kí ọmọbìnrin náà fi kànrìnkàn bó o. Ìyà tí kò tọ́ sí i ni. Ínsúlínì ló ń mú awọ náà pọ̀.

Níwájú ọrùn kan náà ni táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó ń ṣe họ́mọ́nù fún ara, wà. TSH, họ́mọ́nù kan tó ń ti ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ wá, ló máa ń sọ fún un pé kó dàgbà. Bí ínsúlínì bá kún un, àṣẹ di méjì. Ibi tó bá dàgbà ju ìyókù lọ lè di kókó. Àwọn olùwádìí ti rí i léraléra pé kókó pọ̀ lára àwọn tí ara wọn kì í gbọ́ ti ínsúlínì, àmọ́ ìyẹn nìkan kò fi hàn pé òun ló fà á. Àìtó áyódìnì (èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀), tó ń fa gẹ̀gẹ̀ látijọ́, ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí àti ìdílé.

Kókó yìí pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ́sírójìn, họ́mọ́nù obìnrin, àti oyún wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí. Obìnrin tó ní PCOS, àìsàn tó ń da họ́mọ́nù àti iṣẹ́ ilé ẹyin obìnrin rú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, sábà máa ń ní ìṣòro ínsúlínì pẹ̀lú.

Nínú kókó 100, ó lé ní 90 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH àti sikáànù ọrùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ìrísí rẹ̀ tàbí bó ṣe tóbi tó bá mú ìfura wá ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín gba nínú rẹ̀ yẹ̀ wò.