Ìbọn ìléwọ́ àkànṣe àti ìbọn ìléwọ́ ilé-iṣẹ́

Ìbọn ìléwọ́ àkànṣe ni èyí tí alágbẹ̀dẹ ìbọn fọwọ́ ha irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi bá ara wọn mu, nítorí ẹnì kan tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ti ilé-iṣẹ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ń gé irin rẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu, tí òṣìṣẹ́ sì ń mú èyíkéyìí nínú wọn tò pọ̀ láìha ohunkóhun. Irú ìbọn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tó ń kì ọta fúnra rẹ̀: ẹni tó dì í mú fa ìfà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, agbára ọta náà ti karahun òfìfo dànù, ọta mìíràn sì gòkè wọlé. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń fi ìbọn díje, àwọn ọlọ́pàá, àwọn ológun àti àwọn tó ń kó ìbọn jọ ti ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú méjèèjì. Ohun tí iyàn náà dá lé lórí kéré débi pé ojú kì í sábà rí i: àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì.

Àlàfo inú ìbọn

Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ òde òní, ọ̀pá ìbọn àti ìbòrí (irin òkè tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí férémù) máa ń há mọ́ ara wọn nígbà tí ọta bá ń jáde. Àwọn méjèèjì á jọ sún sẹ́yìn díẹ̀, ìdí ọ̀pá á wálẹ̀, á tú lára ìbòrí, ìbòrí á sì máa dá sẹ́yìn lọ. Á fa karahun yọ, á jù ú síta, sípíríǹgì á tì í padà síwájú, bó sì ṣe ń kọjá á gba ọta tuntun lẹ́nu àpò ọta. Gbogbo èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá.

Nígbà tí ìbòrí bá padà dé, ó yẹ kí ọ̀pá jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ gan-an. Orí ìbòrí ni àmì tí a fi ń fojú sùn wà, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ni ọta ń gbà. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ sósì lẹ́ẹ̀kan, tó tẹ̀ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kejì, ojú ẹni tó ń yìnbọn lè má yẹ̀ rárá, kí ọta sì gba ọ̀nà méjì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó mìlímítà 127, bí ẹnu ọ̀pá bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ọta yóò yẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 tó bá fi dé mítà 25. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ń bá àlàfo jà.

Àmọ́ àlàfo náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èéfín ẹ̀tù, eruku, iyanrìn, òróró tó ti gbẹ, gbogbo wọn ń wá ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí. Bí kò bá sí àyè fún wọn, ìbòrí á máa wọ́, ọta á sì há lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, ìbọn tó fún pinpin kọ́ ni ìbọn tó dára, bó ti wù kó dùn-ún fọwọ́ kàn tó. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ máa ń fún ibi tí ọ̀pá ti ń jókòó mọ́ra, níwájú àti lẹ́yìn, á sì fi àyè tó mọ níwọ̀n sílẹ̀ níbi tí ìbòrí ti ń yọ̀ lórí férémù. Àwọn tó ń fi owó ra ìbọn sábà máa ń gbàgbé ìyàtọ̀ yìí: wọ́n á di ìbòrí mú, wọ́n á mì í, bí kò bá mì, wọ́n á gbà pé ìbọn náà á máa bá ibi tí wọ́n fojú sùn. Ti ọ̀pá ló ṣe pàtàkì jù.

Bí ọwọ́ ṣe kúrò nínú iṣẹ́ náà

Ìbọn Luger, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Switzerland gbà ní ọdún 1900, tí ti Jámánì sì gbà ní 1908, fi hàn bí nǹkan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, síbẹ̀ ẹni tó bá tú u palẹ̀ yóò rí nọ́ńbà méjì lára àwọn irin kéékèèké rẹ̀, àwọn kan náà tó kẹ́yìn nọ́ńbà tó wà lára férémù. Òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ ha wọ́n tí wọ́n fi bára mu. Nọ́ńbà ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì fi irin Luger kan sínú Luger mìíràn. Bí a bá wo iṣẹ́ inú rẹ̀, ìbọn ilé-iṣẹ́ ìgbà náà sún mọ́ ohun tí à ń pè ní àkànṣe lónìí.

Ọ̀nà mìíràn ni ìbọn M1911 gbà. John Moses Browning ló gbé e kalẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1911. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Colt, ilé-iṣẹ́ ìbọn tó ń ṣe é, kò lè dá ṣe iye tí ìjọba ń fẹ́, wọ́n sì pín iṣẹ́ náà. Remington Rand, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ táípúráítà, ṣe ju 800,000 lọ. Union Switch & Signal, tó ń ṣe ohun èlò ojú irin rélùwéè, ṣe tirẹ̀. Singer, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣe 500. Irin tó ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ táípúráítà wá gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn tó ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wá láìsí fáìlì (irin tí wọ́n fi ń ha irin), ní ojú ogun, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá mì ìbọn ológun ìgbà yẹn lẹ́bàá etí yóò gbọ́ bí irin ṣe ń ró nínú rẹ̀. Kò bá ibi tí wọ́n fojú sùn tó Luger, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Amẹ́ríkà lò ó títí di ọdún 1985, tí ìbọn Beretta M9 fi gba ipò rẹ̀.

Ọ̀ràn ìbọn SIG P210 ti Switzerland yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò dáadáa, torí òun ló fi hàn pé ààlà àárín àkànṣe àti ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ògiri. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Switzerland gbà á ní 1949. Inú férémù ni ìbòrí rẹ̀ ti ń yọ̀, dípò kó gun férémù lẹ́yìn, irin méjèèjì sì di ara wọn mú ní gígùn. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, ológun ló rà á, síbẹ̀ ọwọ́ ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára rẹ̀, àwọn adíje sì ń wá a kiri títí di òní. Ohun tó pa á ni owó: ní 1975, Switzerland fi P220 rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n tẹ ìbòrí rẹ̀ láti ara páànù irin kó má baà wọ́n jù.

Lẹ́yìn náà ni Gaston Glock, ará Austria, dé. Glock 17 tirẹ̀, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria gbà ní 1982, ní férémù tó jẹ́ ike líle, ó ń gba ọta 17, irin inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 34 lọ. M1911 òfìfo wúwo tó nǹkan bíi kílógírámù 1.1, ti Glock kò ju nǹkan bíi gírámù 700 lọ. Kò sí ohun tí alágbẹ̀dẹ ń wá nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lè tú u palẹ̀ kó sì fi irin tuntun sí i.

Àwọn tó mú ọwọ́ padà wá

Orí pápá ìdíje ni iṣẹ́ àkànṣe ti gbilẹ̀. Ní Camp Perry, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí ìdíje ńlá ti ń wáyé láti 1907, ẹni tó ń díje á na ọwọ́ kan ṣoṣo, á sì yìnbọn sí ojú àfojúsùn tó wà ní nǹkan bíi mítà 46. Ìbọn ológun tó ń ró kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ bíi Jim Clark ní Louisiana bẹ̀rẹ̀ sí í ra M1911 àlòkù, wọ́n ń fún ìbòrí rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tuntun sí i. Ẹ̀ka àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń díje, USAMU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ní àwọn alágbẹ̀dẹ tirẹ̀. Armand Swenson ní California sọ iṣẹ́ náà di ọnà.

Ní 1976, wọ́n dá IPSC, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìdíje ìbọn yíyìn, sílẹ̀ ní Columbia, ìpínlẹ̀ Missouri, Jeff Cooper sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdíje tirẹ̀ ka eré sísá, ìyára àti pípààrọ̀ àpò ọta mọ́ bíbá àfojúsùn. Ìbọn tó ń há pàdánù. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àkànṣe ti yí padà: bíbá àfojúsùn nìkan kò tó mọ́, ìbọn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Ilé-iṣẹ́ àkànṣe Wilson Combat bẹ̀rẹ̀ ní 1977 ní Arkansas. Nighthawk Custom, tó dé ní 2004, fi í ṣe òfin pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ náà ń gba sùúrù. Alágbẹ̀dẹ á fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ojú ọ̀nà tí ìbòrí ń gbà, á tì í wọlé, á fà á yọ, á wá wo ibi tí àwọ̀ náà ti ha. Ibẹ̀ ni irin ti ń kan irin. Á fi fáìlì fọwọ́ bà á díẹ̀, á nu ún, á tún kùn ún, á tún tì í. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lára èèkù, níbi tí ìka ti ń di ìbọn mú, ó lè fi ọwọ́ la ìlà 20 sí 30 sínú íǹṣì kan, ní ìbú àti òró, títí ojú irin yóò fi kún fún ṣóńṣó kéékèèké. Bí fáìlì bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá irin padà.

Irin àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é

Ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ọ̀pọ̀ irin kéékèèké pẹ̀lú mọ́ọ̀dù. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ ohun tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á fún un sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì yan án nínú iná títí yóò fi dì. Ó máa ń sún kì ní nǹkan bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà wọ́n ti ṣe mọ́ọ̀dù tóbi ju irin tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Àwọn tó ń ṣe àkànṣe sábà máa ń gé tiwọn láti ara irin gbọọrọ tàbí irin rírọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra irin mọ́ọ̀dù. Ìkórìíra náà ti ju ibi tó yẹ lọ: bí wọ́n bá yan án dáadáa, ó ń pẹ́, bí wọ́n bá kánjú yan án, ó lè kán.

Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ti mú àwọn méjèèjì sún mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ń gé irin lónìí pẹ̀lú ìpéye tí àlàfo ńláńlá ìgbà ogun kò fi pọn dandan mọ́, alágbẹ̀dẹ náà sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gé apá tó pọ̀ jù kó tó mú fáìlì.

Yíyan èyí tó yẹ

Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá àti ológun kò ní ohun púpọ̀ láti rò. Ìbọn ẹgbẹ̀rún kan gbọ́dọ̀ jọra, kí ẹ̀kọ́ kan àti irin kan lè tó gbogbo wọn. Ti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń mú.

Ẹni tó ń díje yàtọ̀, ìfà ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ìfà Glock lásán ń gba nǹkan bíi kílógírámù 2.5, ó sì ní ìrìn díẹ̀ kó tó já. Ti M1911 àkànṣe sábà máa ń wà láàárín 1.6 sí 2, ó sì ń já bí igi gbígbẹ tíńtín. Níbí ni ewu gidi wà. Ìfà tí ẹni tí kò mọṣẹ́ sọ di fúyẹ́ lè jẹ́ kí òòlù ìbọn ṣubú fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbòrí bá padà, kí ìbọn sì dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Kò sí ìdíje kan tó yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wéwu nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ orí ìfà kì í ṣe ohun tí à ń fi dánra wò.

Ní ti bí ìbọn ṣe bá ọwọ́ mu, ilé-iṣẹ́ ti ń lé àkànṣe bá. Walther P99 ti ọdún 1990 lé wá pẹ̀lú ẹ̀yìn èèkù tó ṣeé pààrọ̀ fún ọwọ́ kékeré àti ọwọ́ ńlá. Nínú SIG P320, tó jáde ní 2014, àpótí irin kékeré tó gbé ìfà ni òfin Amẹ́ríkà kà sí ìbọn. Ẹni tó ni ín lè gbé e kúrò nínú férémù ńlá bọ́ sínú kékeré. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wo òfin ibi tó ń gbé, torí ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀pá tàbí ìbòrí ni òfin mú.

Owó àkànṣe lè tó ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ilé-iṣẹ́, ẹni tó bẹ iṣẹ́ sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn tó bá dé, ó lè gba ọta ọgọ́rùn-ún mélòó kan kí àwọn irin tó fún pọ̀ náà tó mọ ara wọn, kó sì tó ṣeé gbójú lé. Ẹni tó ra ti ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dán tirẹ̀ wò pẹ̀lú irú ọta tí yóò máa lò, ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ìyàtọ̀ náà fara hàn jù. Bí irin tó ń fa karahun yọ bá kán lára ìbọn ilé-iṣẹ́, òmíràn á dé nínú àpòòwé, ẹni tó ni ín á fi sí i, ó parí. Bí ti àkànṣe bá kán, irin tuntun á ṣì tóbi jù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ha á kó tó wọlé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ìbọn náà ló dára jù kó padà sí. Bí onítọ̀hún bá ti kú, tàbí tó ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa, alágbẹ̀dẹ mìíràn yóò kọ́kọ́ tú ìbọn náà palẹ̀, yóò wo ojú fáìlì lára irin kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ fún àti ibi tó mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ sí.