Bí Oko Ṣe Ń Bọ́ Ara Rẹ̀, àti Ohun Tí Ń Dí I Lọ́wọ́

Nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá, ewé tó bá já bọ́ ń jẹrà níbi tó bọ́ sí, ẹran tó kú ń di erùpẹ̀ níbẹ̀, ohun tí gbòǹgbò sì fà lánàá ni yóò tún padà sọ́dọ̀ gbòǹgbò lọ́la. Oko kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń dá oko ni pé kí a lè kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀, gbogbo àpò ọkà tó bá sì jáde ló ń gbé náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pọtásíọ́mù àti àwọn èròjà mìíràn dání lọ síbi tí wọn kì í sábà padà wá. Síbẹ̀, oko kì í ṣe ẹ̀rọ tí a ń da nǹkan sí lẹ́nu kan kí nǹkan mìíràn lè jáde lẹ́nu kejì. Àwùjọ ẹ̀dá abẹ̀mí ni, láti orí kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ dé orí ẹyẹ tó ń bà sórí igi etí oko, olúkúlùkù wọn ló sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí a bá lé ẹ̀dá kan lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó ni oko ni yóò máa ṣe é, yálà pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú owó, tàbí pẹ̀lú oògùn. Ìtọ́jú tí ń mú kí oko wà pẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí mímọ ẹ̀dá tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ẹ̀dá náà nílò kí ó má baà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Náítírójìn ni àìtó rẹ̀ tètè ń hàn lára ohun ọ̀gbìn: ewé ìsàlẹ̀ á máa pọ́n, ìdàgbàsókè á sì dúró. Nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ló jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kò lè lò ó bó ṣe wà, nítorí pé méjì-méjì ni àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ so mọ́ra, ìsopọ̀ náà sì ṣòro já. Ní ọdún 1909, Fritz Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé ooru gíga àti ìfúnpọ̀ tó lágbára lè já a. Nígbà tó fi di ọdún 1913, Carl Bosch ti sọ iṣẹ́ yìí di ti ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau, ní Jámánì, láti ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ajílẹ̀ oníkẹ́míkà òde òní ti ṣẹ̀ wá. Ooru tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò lé ní ìwọ̀n 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bakitéríà tó ń gbé nínú gbòǹgbò ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ooru ilẹ̀ lásán.

Gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti àwọn ìbátan wọn máa ń tú èròjà kan sínú ilẹ̀, èyí tí bakitéríà tí a ń pè ní rhizobium fi ń dá wọn mọ̀. Bakitéríà náà á wọlé, gbòǹgbò á sì wú kókó-kókó yí i ká. Nínú kókó yìí ni ohun ọ̀gbìn ti ń fún bakitéríà ní ṣúgà tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, tí bakitéríà sì ń fi náítírójìn tó yọ láti inú afẹ́fẹ́ san án padà. Ẹni tó bá fa ẹ̀wà kan tu tó sì la kókó náà yóò rí i pé inú rẹ̀ pọ́n bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tó rí bí eérú, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí náítírójìn bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun ọ̀gbìn kì í fẹ́ ná ṣúgà rẹ̀ fún bakitéríà mọ́, kókó á sì dínkù. Inú èso sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn náà ń gbà lọ, nítorí náà ẹ̀wà tí a kórè tán, tí a tún fa ìtàkùn rẹ̀ kúrò lóko, kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀. Ewé, ìtàkùn àti gbòǹgbò tó bá jẹrà sínú ilẹ̀ ni yóò bọ́ àgbàdo ọdún tó ń bọ̀.

Náítírójìn kì í jókòó sójú kan pẹ̀lú. Nínú ilẹ̀ ó máa ń di nítíréètì, tó ń yọ́ nínú omi, òjò tó bá sì rọ̀ nígbà tí kò sí gbòǹgbò tí yóò mu ún á fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ tàbí sínú odò. Bí omi bá kún ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, bakitéríà mìíràn á dá a padà sójú ọ̀run, apá kan gẹ́gẹ́ bí gáàsì nitrous oxide, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 270 ti carbon dioxide láàárín 100 ọdún. Káàkiri ayé, nǹkan bí ìdajì péré nínú náítírójìn tí a ń kó sóko ni ohun ọ̀gbìn ń rí gbà. Èyí tó bọ́ sódò ń bọ́ ewédò. Nígbà tí ewédò bá kú tó sì ń jẹrà, ó ń gba ọ́síjìn inú omi tán, ẹja á kú tàbí kí ó sá. Lọ́dọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun níwájú ẹnu odò Mississippi, tó ń kó ajílẹ̀ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà bọ̀. Nítorí náà, ìgbà tí a fi ajílẹ̀ sílẹ̀ ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Kí a fi í sí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò ti ṣetán, kí ohun kan sì máa hù lórí ilẹ̀ ní gbogbo àsìkò òjò, ń dá púpọ̀ nínú àdánù yìí dúró.

Ibi tí oko ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí ni ohun jíjẹrà tó ń sọ erùpẹ̀ di dúdú. Ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń gbin àlìkámà sórí ilẹ̀ kan tí a ń pè ní Broadbalk láti ọdún 1843 títí di òní. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọn kò fi ajílẹ̀ kankan sí láti ìgbà náà, ìkórè rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lórí hẹ́kítà kan. Apá mìíràn ń gba tọ́ọ̀nù 35 ìgbẹ́ ẹran lórí hẹ́kítà kan lọ́dọọdún. Kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ rẹ̀, tí a fi ń wọn ohun jíjẹrà, ti lé ní ìlọ́po méjì ti apá àkọ́kọ́. Àwọn apá tó ń gba ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ń so dáadáa pẹ̀lú, èyí sì tó láti dá àwọn tó ń sọ pé ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ń pa ilẹ̀ dandan lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun jíjẹrà ilẹ̀ wọn kéré sí ti ilẹ̀ tó ń gba ìgbẹ́ ẹran. Láti ọdún 1968, wọ́n ń fi ohun ọ̀gbìn mìíràn gba àyè àlìkámà ní ìpín kan nínú oko náà. Àlìkámà tó tẹ̀lé wọn ń so ju èyí tó ń tẹ̀lé àlìkámà lọ́dọọdún lọ, nítorí pé àrùn tó ń ba gbòǹgbò àlìkámà jẹ́ kò rí ibi gbé ní àwọn ọdún àárín náà.

Iṣẹ́ ohun jíjẹrà kò mọ lórí oúnjẹ nìkan. Òun àti àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ìbátan olú, tí fọ́nrán wọn tín-ín-rín ń ta kiri abẹ́ ilẹ̀, ló ń so erùpẹ̀ pọ̀ di hóró-hóró, kí àyè lè wà fún omi àti afẹ́fẹ́. Ekòló ń la ọ̀nà tí omi òjò ń gbà wọlé. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán òjò fúnra rẹ̀ ló ń fọ́ hóró wọ̀nyí; èyí tó fọ́ á dí ojú ihò, ojú ilẹ̀ á le, omi tí kò ráyè wọlé á sì di àgbàrá tó ń wọ́ erùpẹ̀ òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ nínú rẹ̀ tó tún dá. Títú ilẹ̀ lemọ́lemọ́ ń dá kún un, nítorí afẹ́fẹ́ tó wọlé ń mú kí bakitéríà yára jẹ ohun jíjẹrà tán. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tuntun fi ń so dáadáa fún ọdún mélòó kan kí ó tó ṣá. Fífi pàǹtí ohun ọ̀gbìn bo ilẹ̀ àti dídín títú rẹ̀ kù ń gba ilẹ̀ là, ṣùgbọ́n èpò tí ọkọ́ ń pa tẹ́lẹ̀ sábà máa ń di iṣẹ́ oògùn apakoríko, oògùn kan ṣoṣo tí a ń lò lọ́dọọdún sì ń ṣa èyí tí kò lè pa sílẹ̀ láti bí sí i. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti jábọ̀ èpò tí oògùn apakoríko tí a ń pè ní glyphosate kò pa mọ́, ní Ọsirélíà.

Ibi tí ìwà oko gẹ́gẹ́ bí àwùjọ ti hàn kedere jù ni ọ̀rọ̀ kòkòrò. Nínú oko ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà, kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà tó ń gbé ní ìdí ìrẹsì, tó ń fa omi ara rẹ̀ mu títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó ba oko jẹ́ lọ rẹpẹtẹ ní Indonesia, níbi tí ìjọba ti ń san owó ìrànwọ́ lórí oògùn apakòkòrò, tí fífín oògùn sì wọ́pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fín in tó ni kòkòrò náà ń pọ̀ tó. Inú ìdí ewé ni kòkòrò yìí ń yé ẹyin sí, oògùn kì í dé ibẹ̀, nígbà tí aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ẹ́ wà ní gbangba, wọ́n sì ń kú. Ẹyin á pa, ọmọ á jáde, kò sí ọ̀tá kankan tí yóò pàdé. Ìran rẹ̀ sì ń yára tẹ̀lé ara wọn ju ti aláǹtakùn lọ, nítorí náà ó ti di ẹgbàágbèje kí ọ̀tá tó padà.

Ní ọdún 1986, Ààrẹ Suharto fi òfin de oríṣi oògùn apakòkòrò 57 lórí ìrẹsì, nígbà tó sì fi di ọdún 1989 owó ìrànwọ́ orí oògùn ti kúrò. Ìkórè ìrẹsì kò dínkù. Àwọn onímọ̀ tún rí ohun kan tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ síwájú sí i: ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, kí kòkòrò abìrẹsìjẹ́ tó dé, omi oko ìrẹsì ti kún fún àwọn kòkòrò tó ń jẹ ohun jíjẹrà àti èérún inú omi, tí wọn kì í fọwọ́ kan ìrẹsì rárá. Àwọn ni aláǹtakùn ń jẹ tí ó fi ń pọ̀ ṣáájú. Níbi tí wọ́n ti fi ohun jíjẹrà kún oko, ọ̀tá kòkòrò tún pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fín oògùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé ó rí kòkòrò ń fò ti pa oúnjẹ ẹ̀ṣọ́ oko rẹ̀, ó sì ti pa ẹ̀ṣọ́ náà pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà fi dá lórí wíwọ oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ka kòkòrò àti ọ̀tá rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun.

Nígbà mìíràn, ọ̀tá náà kò sí níbẹ̀ rárá. Kòkòrò funfun tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ dé Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 láìkó ọ̀tá rẹ̀ dání. Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíntínní kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tí àjọ IITA, tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sì tú sílẹ̀ láti ọdún 1981. Ó tàn kálẹ̀, ó sì tẹ kòkòrò náà lórí ba láìsí pé àgbẹ̀ kankan ra oògùn.

Oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ kan náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Yunnan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n gbin ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí àrùn tètè ń mú sáàárín ìrẹsì tí àrùn náà kì í mú. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde tó jáde ní ọdún 2000, àrùn lára ti àkọ́kọ́ fi ìdá 94 nínú 100 dínkù sí ti ibi tí wọ́n ti gbìn ín lóun nìkan. Irúgbìn àrùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ń bà sórí ohun tí kò lè jẹ. Ní Kẹ́ńyà, àjọ ICIPE, tó ń ṣe ìwádìí nípa kòkòrò, àti Rothamsted ṣe ètò kan fún àgbàdo: wọ́n gbin desmodium, ohun ọ̀gbìn kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, sáàárín rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń lu igi àgbàdo, gbòǹgbò rẹ̀ ń dí èpò afòmọ́ Striga lọ́wọ́, ó sì ń fa náítírójìn wọlé, koríko gíga tí wọ́n gbìn sí etí oko ni àfòpiná náà ń lọ yé ẹyin sí, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìdin ti ń kú. Ẹran ọ̀sìn á sì jẹ méjèèjì.

Kò yẹ kí a fi ohun tí ètò wọ̀nyí ń gbà pamọ́. Wọ́n ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ àti ojú tó mọ oko, ẹ̀rọ ìkórè kì í sì í rọrùn lò níbi tí ohun ọ̀gbìn méjì bá jọ wà. Oko tí kò lo kẹ́míkà rárá sábà máa ń so dín ní nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú 100. Ẹni tó bá sì dáwọ́ oògùn dúró lójijì lè pàdánù ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, nítorí kòkòrò ń padà kíákíá, ọ̀tá rẹ̀ ń padà pẹ̀lú sùúrù, pàápàá níbi tí kò sí igbó tàbí koríko etí oko tí ó lè ti máa gbé. Ó sàn kí a dín in kù ní abala kan kí a tó dé òmíràn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn èròjà tí kò sí bakitéríà tó lè yọ ọ́ láti inú afẹ́fẹ́, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á, ilẹ̀ Mòrókò àti Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà ló sì ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 èyí tí a mọ̀ pé ó kù tó ṣeé wà. Fọ́nrán àwọn ìbátan olú lè bá gbòǹgbò wá èyí tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá èyí tó ti bá oúnjẹ lọ sílùú padà. Inú ara ènìyàn ló gbà lọ, ó sì jáde síbẹ̀: nǹkan bí ìdajì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ara ń yà sọ́tọ̀, àti èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn, ló wà nínú ìtọ̀. Níbi tí a bá ti dà á pọ̀ mọ́ omi ilé-iṣẹ́, irin olóró lè wà nínú ohun tó kù, kò sì ní dára fún oko. Níbi tí a bá ti yà á sọ́tọ̀ láti orísun, tàbí tí ilé ìfọmi-ìdọ̀tí ń fi mágníṣíọ́mù mú un jáde gẹ́gẹ́ bí kírísítálì tí a ń pè ní struvite, ó ń di ajílẹ̀ tó ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀, tí òjò kò sì lè tètè fọ̀ lọ.